Ẹ̀jẹ̀ Ló Yà Wá Sọ́tọ̀

Ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni èmi fi jẹun ní gbogbo ìgbà tí agbára ṣì wà lára mi. Táìlì ni mo ń tẹ́. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, kò sí àdúgbò tí n kò ti rá lórí sìmẹ́ńtì tútù, tí mo ń fi òòlù onírọ́bà kan táìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí mo sì ń fà sẹ́yìn bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń so fóòmù mọ́ orúnkún tiwọn. Èmi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní irin ni Ọlọ́run fi ṣe tèmi.

Mo rántí ọjọ́ tí irin náà tẹ̀. Ilé kan ní Ẹgbẹ́dá ni, mo tẹ́ pálọ̀ tán, mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Àwọn lébìrà méjì ló gbé mi sórí búlọ́ọ̀kù bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó rẹ̀ mí ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, orúnkún kò gbọ́ tèmi mọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Ìgándò. Àtẹ̀gùn tí mo máa ń sáré gùn wá di òkè ńlá lójú mi. Nígbà tó yá, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mélòó kan ni n óò fi sanwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe dẹ́kun àtisọ̀kalẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó mi a gbé oúnjẹ sí fíláàsì, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀, èmi a sì jókòó ti fèrèsé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu, ẹnikẹ́ni ò tì mí mọ́lé, síbẹ̀ n kò lè jáde. Orí àga ni mo ti ń kírun. Ilé tuntun kan wà ní òdìkejì tí wọ́n ń parí lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì á ti máa ké níbẹ̀. Mo máa ń mọ ìgbà tí táìlì bá fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọwọ́ mi á máa lu itan mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó mú òòlù dání.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló mú oògùn wá. Ẹnì kan gbé àgbo dé, òmíràn gbé òróró ìpara dé, ẹlòmíràn ní kí n lọ ra kápúsù ní kẹ́mísì. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Èmi náà gbà á gbọ́, mo ń gbé e mì.

Oníbàárà kan ló sọ fún ìyàwó mi pé àwọn dókítà kan ní ọsibítù ń wá àwọn tí orúnkún ń dùn fún ìwádìí oògùn. Lọ́jọ́ tá a lọ, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí ọmọ ọwọ́, gbogbo ayálégbé ń wò mí. Dókítà tó dá wa lóhùn kéré sí àkọ́bí mi. Ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi nínú orúnkún mi.

Ó ní, “Bàbá, orúkọ kan la fi ń pe àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà kan ló ń gbà ba orúnkún jẹ́. Àwọn àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti omi orúnkún tó ń sọ ọ̀nà tó gbà. Àmì yẹn la fẹ́ fi pín yín sí ọ̀wọ́, ká lè mọ oògùn tó bá oníkálukú mu.”

Mo ní mo gbọ́. Oògùn nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Mo bá ìyá kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ẹgbẹ́dá ló ń gbé. A jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀. Nígbà tí dókítà gbé àwòrán eegun wa síbi iná, wọ́n jọra bí ìbejì. Inú mi dùn. Mo rò pé ohun tí wọ́n bá fún ìyá náà, wọ́n á fún èmi náà.

Ọjọ́ tí èsì dé, wọ́n fún un ní oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò. Wọn ò fún mi.

“Bàbá, àwòrán yín jọra, ẹ̀jẹ̀ yín ò jọra,” ni dókítà wí. “Iná ló ń jó nínú orúnkún ìyá yìí, oògùn yìí sì ń paná. Tiyín ò ní iná. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì ló ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fún yín, ikùn yín nìkan ló máa bà jẹ́.”

Mo ní, “Kí wá ni tèmi?”

“Ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. A máa kọ́ yín ní eré ìdárayá tó máa fún itan yín lágbára. A ò tíì ní oògùn tó ń dá ohun tó ti gbó padà.”

Níta, mo bẹ ìyá tíṣà pé kí wọ́n bù fún mi nínú tiwọn. Wọ́n wò mí tàánútàánú. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Èyí kì í ṣe ọbẹ̀ tá a lè bù fún ará ilé kejì.”

Mo padà sókè, mo sì há mọ́lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí nígbà tí n kò mọ irú àìsàn tó ń ṣe mí, mo ṣì ní ìrètí. Ìyá tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù pé àwọn ti fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Shasha. Mo ń sọ pé Alihamudulilahi, mo sì ń yára pa fóònù. Eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi, n kò fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó mi ló sú. Lọ́jọ́ kan ó dúró síwájú fèrèsé, ó dí mi lójú.

“Bàbá Ìbejì, dókítà ti ní oògùn yẹn kì í ṣe tiyín. Ṣé ibí lẹ máa jókòó sí títí wọ́n á fi ṣe tiyín ni?”

Kò dúró de ìdáhùn mi. Ó ti bá tọkọtaya tuntun tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà kí á pààrọ̀ ilé. Mo bínú. Mo ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ́ táìlì balùwẹ̀ òkè, ta ni n óò fi í sílẹ̀ fún? Ó wò mí, ó ń di ẹrù lọ.

Ìsàlẹ̀ là ń gbé báyìí. Mo ń ṣe eré ìdárayá náà, orúnkún ṣì ń dùn mí, n kò sì tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo lè fọ̀pá rìn dé ẹnu géètì, mo lè jókòó síbẹ̀ kí èèyàn kí mi. Lónìí mo mọ̀ pé dókítà kò fi oògùn kankan dù mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó lè wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí orúnkún ń dùn máa ń yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní, “Bàbá, kí lẹ lò tẹ́ ẹ fi ń rìn?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n mọ irú tiwọn ná. Àwọn mìíràn á fajú ro, wọ́n á rò pé mo fi oògùn pamọ́. N kì í bá wọn jà. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ.