Àṣìṣe Ojú Pátákó Bàbá Tíṣà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí n kò yege, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fà á lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde, bàbá mi, tí wọ́n ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní Ìrókò, kò bá mi wí. Wọ́n kàn mú mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Tíṣà yìí ló kọ́ bàbá mi náà níwèé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n.

Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta là ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Bàbá á fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbólóhùn márùn-ún sójú pátákó. Àṣìṣe kan á wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tiwa sì ni ká wá a rí. Mo ṣì rántí èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: "The basket of oranges have fallen from the bicycle." A wò ó títí, a ní kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ ló já bọ́, apẹ̀rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ, "has" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ara ọsàn ni ojú wa máa lọ.

"Ẹ má wo ohun tí gbólóhùn ń sọ fún yín," ni wọ́n wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó."

Mo mú ọ̀rọ̀ yẹn bí òfin. Láàárín oṣù méjì, kò síbi tí n kì í ti í rí àṣìṣe mọ́: lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ọkọ̀, lára páálí oògùn tí bàbá mi ń fín sóko.

Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo rí àṣìṣe méjì nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo nawọ́ sókè, mo sọ ọ́. Bàbá kọjú sí pátákó, wọ́n wò ó pẹ́, ètè wọn ń mì bí ẹni tó ń kà á sínú. Nígbà tó yá, wọ́n ní mo káre, pé ńṣe làwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi èkejì dán wa wò. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń nu pátákó náà. Wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù, wọ́n ṣì ń nù ún nígbà tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àṣìṣe ti ń pọ̀ sí i. Bàbá á kọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ láàárín. Àwọn ọmọbìnrin méjì yòókù ní ìdánwò tọdún yìí ló máa le, pé Bàbá ń mú wa gbára dì ni. Èmi náà bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́.

Ìyá, ìyàwó Bàbá Tíṣà, kò kàwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Wọ́n ní lánàá, Bàbá bi àwọn bóyá ìyá tó bí Bàbá ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọn kò gbójú kúrò nínú agbada tí wọ́n fi bi mí.

"Ọmọ mi, èyí tí Bàbá yín ń kọ síbẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì gún régé?"

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nítòsí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí wọn ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ wa á sì parí síbẹ̀.

"Ó gún régé, Ìyá," ni mo dáhùn. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, a bá Bàbá nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀, wọ́n so táì mọ́rùn nínú oòrùn yẹn. Gbólóhùn ẹyọ kan péré ló wà lójú pátákó: "The pupils is waiting for me at Ijaye." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fagi lé "is", a kọ "are" rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé wa. Ìjàyè ni Bàbá ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà nígbà ọ̀dọ́ wọn, gbogbo Ìrókò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti lé lógójì ọdún. Kò sẹ́ni nínú wa tó béèrè àwọn ọmọ wo ló ń dúró. Bàbá fi yíǹkì pupa máàkì ìwé mi, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ẹ má pẹ́ lọ́la," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà náà jìn."

Nígbà tá a dé lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́nì kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rò pé Bàbá ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ní àwọn kò fojú kàn wọ́n látàárọ̀. Páálí ṣọ́ọ̀kì kò sí níbi tó máa ń wà. Mo sá lọ bá bàbá mi lóko, mo sọ ohun tó wà lójú pátákó lánàá fún wọn, mo sì sọ irọ́ tí mo pa fún Ìyá.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní láti ìgbà ọyẹ́ ni. Wọ́n gbójú kúrò lára mi, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n forí lé ọ̀nà Ìjàyè.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí Bàbá. Obìnrin kan tó ń lọ wa ẹ̀gẹ́ ló bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín ebè, láìsí bàtà, ẹ̀gún ti ya ṣẹ́ẹ̀tì wọn, ètè wọn ti bó. Nígbà tí bàbá mi dé ibẹ̀ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí wọn, Bàbá Tíṣà wò wọ́n, wọ́n bi wọ́n pé, "Kíláàsì wo lo wà?"

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni, pé ó ti wà lára wọn tipẹ́, oòrùn àti òùngbẹ ọjọ́ náà ló wá mú un burú sí i. Ó bi ẹbí bóyá kò sẹ́ni tó fura. Bàbá mi wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé Ìyá kò dárúkọ mi.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege. Kí n tó wọ yunifásítì, mo lọ sílé àkọ́bí Bàbá Tíṣà ní Ìbàdàn láti tọrọ àforíjì. Bàbá jókòó nínú pálọ̀, wọn kò mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, ẹkún kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ tán.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn," ni Ìyá wí. "Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ. Èmi náà ló wù kó rí bẹ́ẹ̀."

Bàbá kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni Ìyá ṣì ń gbé ní Ìbàdàn. Mo máa ń lọ kí wọn nígbà ọdún Iléyá. Wọ́n á béèrè iṣẹ́ mi àti àlàáfíà bàbá mi, a ó jọ jẹun. A kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.