Apá Ẹ̀wù Tó Gùn Jù

Ojú Géètì ni wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá ó lórúkọ mìíràn. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára pátákó ńlá ẹnu géètì. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà níbẹ̀: òun tó dúdú, láàárín, ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan tí irun rẹ̀ rí bí irùngbọ̀n àgbàdo, géńdé agùntáṣọọ́lò kan tí òun náà funfun, àti ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan lẹ́yìn, tí èjìká Onírun Àgbàdo bo ìdajì ara rẹ̀. Ẹ̀yà ti onígíláàsì yìí ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù nílùú náà. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, Ilé Gbogbo Wa Nìyí.

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ayàwòrán ló dá ọmọ yìí dúró lọ́nà yàrá ìkàwé, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń wá, bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó kù lára aṣọ. Ó ṣa àwọn mẹ́ta yòókù náà lójú ọ̀nà, ó tò wọ́n, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ní ó ti tó báyìí, kálukú gbé báàgì rẹ̀, ó di gbére. Ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ ẹnìkejì. Láti ọjọ́ náà, Ojú Géètì nìkan ló ń dá jẹun nídìí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé ní yàrá oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìlú kejì, ò mọ̀. Kí ọkùnrin náà tó dá dúró, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé-iṣẹ́ aṣọ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló dúdú níbẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó páálí sí ló ti máa ń jẹun ọ̀sán, torí kò sẹ́ni tó sún fún un nídìí tábìlì. Nígbà tó rí àwòrán ọmọ rẹ̀ nínú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, ṣe ló gbé e kọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Oníbàárà ò ní tíì sọ irú aṣọ tó fẹ́ tí yóò ti gbọ́ pé ọmọ télọ̀ ti rí ẹbí lọ́hùn-ún. Bàbá wá pè lórí fóònù, ó béèrè orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ náà.

Kí ni kí ọmọ sọ? Ó dá orúkọ fún wọn. Ó ní àwọn jọ ń kàwé, àwọn jọ ń jẹun, àti pé onígíláàsì ló máa ń pa àwọn lẹ́rìn-ín jù. Kò pẹ́ tí irọ́ náà fi bímọ, ọmọ rẹ̀ náà sì tún bímọ.

Bàbá yìí kì í fi téèpù wọn èèyàn. Ojú ló fi ń wọ̀n, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látinú àwòrán. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè tó máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá ní kó ránṣọ fún ẹni tí kò sí nítòsí.

"Ṣé kò sí nǹkan kan lára wọn tí àwòrán ò fi hàn?"

"Kò sí, bàbá mi. Bẹ́ ẹ ṣe rí wọn yẹn náà ni."

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì dé, pẹ̀lú ìròyìn pé bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí láti wá kí àwọn ọ̀rẹ́ náà. Ara Ojú Géètì bù máṣọ. Tí bàbá bá mọ òótọ́, yóò yọ àwòrán yẹn kúrò lára ògiri, ọkàn rẹ̀ yóò sì padà sẹ́yìn páálí. Ó di dandan kó wá wọn lọ.

Onírun Àgbàdo gba tirẹ̀, ó ní ó dáa, òun á wá. Agùntáṣọọ́lò kọ́kọ́ béèrè pé àwòrán wo, ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ó ku Onígíláàsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹsẹ̀ ò sì fẹ́ lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kété lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà, Onígíláàsì ti gbé àwo rẹ̀ wá sídìí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Ojú Géètì wo ọ̀ọ́kán, ó rí Onírun Àgbàdo àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá rò ó pé tí wọ́n bá rí òun pẹ̀lú eléyìí, wọn ò ní pe òun sọ́dọ̀ wọn láéláé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ títí ọmọ ọlọ́mọ fi lọ. Kò sẹ́ni tó wá. Báàgì ló jókòó síbẹ̀.

Yàrá ìkàwé, níbi tí Onígíláàsì ti ń ṣiṣẹ́, ló ti rí i, ìwé ga láàárín àwọn méjèèjì. Ó ti ọ̀rá ṣẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì fi ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sọ ohun tó gbé e wá.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?" Onígíláàsì béèrè.

"Sọ pé a jọ máa ń jẹun."

Onígíláàsì fa ọ̀rá náà sọ́dọ̀, ó ní òun á wá.

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, bàbá àti ọmọ jókòó nídìí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Bàbá ń wo ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ ń dùn. Onírun Àgbàdo ò wá, Agùntáṣọọ́lò ò yọjú. Onígíláàsì nìkan ló wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Bàbá dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe dúró lẹ́nu rẹ̀. Apá ẹ̀wù ọ̀tún bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ́gí. Tòsì ń já fìrìfìrì sísàlẹ̀, kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀. Apá òsì ọmọ náà ò ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ayàwòrán mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fi í sẹ́yìn èjìká ẹlòmíì.

"Ẹ káàsán, bàbá," Onígíláàsì wí. "A jọ máa ń jẹun. Ìdí tábìlì yìí náà ni."

Bàbá wo apá ẹ̀wù. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ojú Géètì ò sì lè gbé tirẹ̀ sókè. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé e mì.

Bàbá yọ abẹ́rẹ́ àti òwú tí kì í kúrò lápò rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi," ó sọ fún Onígíláàsì. "Wọn ò sọ fún mi ni." Ó wá kọjú sí ọmọ tirẹ̀. "Wá bá mi di apá ẹ̀wù yìí mú."

Ojú Géètì dì í mú. Ó kan apá kúkúrú náà lábẹ́ aṣọ, ó gbóná. Ìgbà náà ló tó yé e pé ọwọ́ kan ṣoṣo lọmọkùnrin yìí fi gbé àwo oúnjẹ gba àárín gbogbo èrò kọjá wá bá òun lọ́jọ́ náà, tí òun sì ní kó máa gbé e kiri. Ojú tì í, ó tì í débi pé ẹkún ò gbà á.

Bàbá ká apá ẹ̀wù náà sókè dé ibi tí apá ọmọ náà mọ, ó rán an, ó fi eyín gé òwú. Kò béèrè àwọn méjì yòókù. Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun wàyí, ó ní kí Onígíláàsì jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró, kò jókòó. Àga tó ṣófo náà ló ń wò. Báàgì Ojú Géètì wà lórí rẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Bàbá wo báàgì, ó wo ọmọ tó dúró. Ọkùnrin tó jẹun lẹ́yìn páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àga fún un.

"Gbé e kúrò," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ó gbé e. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí.