Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Rẹ?

Bí àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Johannesburg ṣe ń fi Wasáàpù bá àwọn ará ilé ṣe ẹbí ni mo ń ṣèwádìí lé lórí ní yunifásítì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n á ní, “Ṣé ìyẹn náà níwèé?” Ó níwèé o! Láti Troyeville tí mò ń gbé ni mo ti máa ń rìn lọ sí Bertrams, nígbà míì màá wọ tákísì dé Soweto, màá máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jẹ́ kí n wo ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ nínú gúrúùpù ẹbí wọn. Ẹlòmíì á lé mi. Mi ò bínú sí wọn, torí bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá lé irú mi dànù.

Ẹni tó gbà mí láàyè jù ni àǹtí kan tó ń dirun nínú yàrá iwájú ilé àtijọ́ kan ní Bertrams. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Tísà ló ń pè mí. “Tísà, tó o bá kàwé yìí tán, ṣé o máa wá kọ́ wa bá a ṣe ń kí ìyá wa ni?” Òun ló sọ fún mi bí wọ́n ṣe fi ikú bàbá rẹ̀ pamọ́ fún un. Bàbá ti kú, wọ́n ti sin ín, gúrúùpù ẹbí ṣì ń kí “ẹ kú àárọ̀” lójoojúmọ́. Bó bá béèrè Bàbá, wọ́n á ní Bàbá ń sùn, Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù Bàbá ti bàjẹ́. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ fu òun lára ni pé ẹ̀gbọ́n òun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn?” Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn àgbà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì túfọ̀ fún un.

Inú bí mi. Mo ní, “Àǹtí, ìwà ìkà nìyẹn! Wọ́n ń tàn yín jẹ!”

Ó na òòyà ọwọ́ rẹ̀ sí mi. “Ìkà kọ́. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló máa bá mi kó o nílẹ̀?”

Mi ò gbà. Mo lọ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé àṣà yẹn ti dìdènà láàárín àwọn ẹbí tó jìnnà síra, pé ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń lọ nílé bàbá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Orí mi wú.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mò ń tú gúrúùpù onígúrúùpù wò, mi ò wo tiwa. Màmá mi wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi. Kì í kọ nǹkan, ohùn ló máa ń gbà ránṣẹ́ sí mi. Á sọ̀rọ̀ títí, adìyẹ á máa ké lẹ́yìn rẹ̀, á gbàgbé pé fóònù ṣì ń gba ohùn òun, á wá kọjú sí aládùúgbò, wọ́n á jọ máa jà. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Mo béèrè, bọ̀ọ̀dá mi ní ọ̀fun ń dun Màmá. Mo tún béèrè, ìyàwó rẹ̀ ní Màmá ń sùn. Lọ́sàn-án gangan! Ara fu mí, ṣùgbọ́n mo fi ìwé kíkà bò ó mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mò ń fọṣọ lọ́wọ́, bọ̀ọ̀dá mi pè. Ó kí mi, ó tún mi kí. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè òtútù. Bọ̀ọ̀dá mi, tó jẹ́ pé ìbínú ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀! Ó wá ní, “Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Mo ju aṣọ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀.

“Kò sẹ́nì kankan. Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló ṣe Màmá?”

“Kò sí nǹkan. Màá tún pè ọ́.”

“Ẹ má tún mi pè! Ẹ gbé fóònù fún Màmá!”

“Màmá ń wẹ̀.” Ó pa fóònù.

Mo pè é títí, kò gbé e. Mo pe ìyàwó rẹ̀, tiẹ̀ ò lọ rárá. Mo ṣí gúrúùpù wa, mo rí i pé ẹnì kan ń kọ nǹkan, ó dáwọ́ dúró, ẹlòmíì tún bẹ̀rẹ̀, òun náà dáwọ́ dúró. Àbúrò Màmá tó wà nÍbàdàn wá fi àdúrà síbẹ̀: “Olúwa yóò dúró tì wá.” Kó dúró tì wá nítorí kí ni? Omi ẹ̀rọ ń dà sílẹ̀, mi ò rántí pa á.

Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi wá gbé e, mo ti yí rédíò sókè. Mo purọ́. Mo ní, “Àwọn èèyàn ti dé o, ilé mi kún. Ẹ sọ ọ́!”

Ó ní, “Ó dáa. Gbé fóònù fún àgbà tó wà níbẹ̀.”

Yéè! Mi ò ronú débẹ̀. Mo ní àgbà náà wà níta, pé màá pè é padà. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di Bertrams. Mi ò wo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, mo já gba iwájú tákísì kọjá. Awakọ̀ fi Súlú bú mi, mo fi Ìjẹ̀ṣà bú u padà. Mò ń sáré, mò ń bá Ọlọ́run nájà. Olúwa, kó jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń dun Màmá. Kó jẹ́ ojú. Kódà kó jẹ́ rọpárọsẹ̀, mo gbà, kí n ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àǹtí ń dirun fún ọmọbìnrin Súlú kan nígbà tí mo já wọlé. Ó wo ojú mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi, mo na fóònù sí i. “Àgbà ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀.” Ó nu ọ̀rá irun kúrò lọ́wọ́, ó gba fóònù, ó jáde sí fàráńdà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí bọ̀ọ̀dá mi, àfi bí ẹni pé ó ń rí i. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó rí i pé mò ń wo òun, ó yára sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin tí Àǹtí ń dirun fún dìde pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí. “Eish, sisi,” ló fi kí mi pẹ̀lẹ́, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Àǹtí wọlé, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Tísà,” ó ní. “Ọmọ mi.”

Ẹnu tí mo fi ń pariwo “ẹ sọ ọ́” láti àárọ̀ náà ni mo fi bẹ̀ ẹ́. “Ẹ má sọ ọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́.” Mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n títí tó fi máa la ẹnu, mo ṣì ní ìyá. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó pa ẹnu mọ́, ó sì jẹ́ kí n ní ìyá díẹ̀ sí i.