Orúkọ Tí Ìyá Fèrèsé Kò Fẹ́ Kọ

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Fèrèsé. Ẹ̀yìn fèrèsé onígíláàsì ló ń jókòó sí. Òun ló ń kọ orúkọ ọmọ sínú káàdì, òun náà ló sì ń pè é síta nígbà tó bá kan ọmọ láti gun òṣùwọ̀n. Ọgọ́rin orúkọ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: irínwó nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹni tó bá láyè ṣírò ìyókù.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan. Bó bá rí orúkọ tó ṣòro, á gé e sí méjì, á sọ apá kan nù. Bó bá wá pè é, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ìyá Fèrèsé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Á ní kí ìyá ọmọ sún mọ́ ihò fèrèsé, á bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń pè é nílé?" Á pè é lẹ́ẹ̀mẹta sábẹ́ ètè. Ìdajì ìṣẹ́jú péré ni. Ogójì ìṣẹ́jú lóòjọ́ kì í ṣe kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tó máa ń gùn dé ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti ń tú kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ó sì mọ èyí tó wu òun. Orúkọ tó gùn, tó parí sí ẹnu líla, ló fẹ́ràn jù. Ó ní ohùn èyí tó bá parí sí imú kì í rìn jìnnà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ará orí òkè kan gbé ọmọ wá. Abúlé tó ń sọ èdè wọn kò ju mẹ́rin lọ, ìtumọ̀ orúkọ ọmọ náà sì ni "Ẹ sún fún un." Ìyá Fèrèsé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Orúkọ gbogbo ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì wa gan-an rèé!" Òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja kan, "Odò ò gbé e." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń kọ ìyẹn lórin bó bá ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bàbá kan tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní orúkọ mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó wo onítọ̀hún látòkè délẹ̀. "Bàbá ọmọ, bẹ́ ẹ bá wá ta mọ́tò náà ńkọ́?" Ó kọ ọ́ ṣá. Orúkọ tí òbí bá mú wá ló ń kọ, ì báà jẹ́ orúkọ ìkòkò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ní orúkọ. Èdè ìyá rẹ̀ ni. Bí gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ bá wọ gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn yẹn, àga á ṣẹ́ kù. "Òjò ti dá, ẹ jáde" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nílé ìwé, olùkọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kò gba ojú báàjì. Nígbà tí ẹnì kan wá pè é ní Ìyá Fèrèsé, kíá ló dáhùn.

Àfi bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ onídìrí, ṣe bí ọmọbìnrin, tó ní orúkọ ìyá òun lòun fẹ́ fún un. Ìyá Fèrèsé fárígá.

"Kí wọ́n lè sọ òun náà di fèrèsé? Mo ti ṣa méjì tó fúyẹ́. Mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Màámi, méjèèjì dà bí orúkọ ọṣẹ."

"Ṣé ọṣẹ burú ni? Ta lo rí tó ń fi ọṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á. Ọkọ onídìrí ní tòun ni kí ọmọ ṣáà ti máa sùn. Ẹ̀rù ló ń ba Ìyá Fèrèsé, kò kàn jẹ́ kí wọ́n rí i ni. Ó mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó ní kíláàsì, kó máa gbàdúrà kí wọ́n má pe òun.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Onídìrí kò gba ẹ̀yìn wọlé; ó gba nọ́ńbà bíi gbogbo èèyàn, ó gbé ọmọ lé itan. Nígbà tó kàn án, ó lọ dúró níwájú fèrèsé.

"Orúkọ ọmọ?" Ìyá Fèrèsé ò gbójú sókè.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màámi."

"N ò mọ̀ ọ́n. Nínú méjì yẹn, èwo?"

"Kò sí nínú méjì yẹn."

Bíírò dúró lójú kan. Obìnrin tó tẹ̀ lé onídìrí na ọrùn síwájú. "Ìyá, ẹ bá a kọ ọ́ jàre! Nígbà tí ìyá ọkọ mi fẹ́ yí tọmọ tèmi padà, ṣebí ẹ̀yin lẹ lé wọn kúrò níbí?"

"Ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná, ká lè mọ̀ ọ́n."

Onídìrí bá fẹnu sún mọ́ ihò fèrèsé, ó pè é. Kò gé e, kò jẹ apá kankan mọ́ ẹnu. Ohùn rẹ̀ ròkè níbi tó yẹ, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá àgbà tó bí yín ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ rò pé òfófó nìkan là ń ṣe?"

Ìyá Fèrèsé kọ ọ́. Odidi ìlà kan ló gbà. Ó wá ku pípè, torí ọmọ tí wọn ò pè kì í gun òṣùwọ̀n. Ó dìde, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ohùn rẹ̀ la àárín èrò já, ó bá alágbàfọ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

Mètírọ́nì, ọ̀gá wọn, yọrí láti yàrá òṣùwọ̀n. "Ìyá Fèrèsé, ta lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀? Orúkọ ta nìyẹn?"

"Tọmọ-ọmọ mi ni, Mà. Tèmi náà ni."

"Tiyín? Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ ò sì sọ!"

"Ẹ ò béèrè, Mà."

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Mètírọ́nì gbìyànjú láti pè é, ó kọsẹ̀ láàárín. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, Ìyá Fèrèsé ì bá ní kò burú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tọmọ ló wà nílẹ̀ yìí.

"Rárá o, Mà. Ẹ tún un pè. Ẹ jẹ́ kóhùn yín ròkè níparí."

Lẹ́ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i. Mètírọ́nì gba ọmọ, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí la ó wá máa pè yín báyìí?"

"Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yẹn náà ni. Ọdún mẹ́fà ló kù kọ́mọ yìí bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Kí gbogbo yín máa fi tèmi kọ́ra, kó lè ti mọ́ yín lẹ́nu kó tó débẹ̀."