Ìjàpá Tí Mo Tà fún Ará Umunya

Tí òjò bá ń rọ̀ ní Onitsha báyìí, ohùn rẹ̀ lórí páànù ṣọ́ọ̀bù mi kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Orí ọkọ̀ mi ni mo mọ òjò sí. Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, tí búùtù wà níwájú. Nígbà tí mo ṣì ní in, bí òjò bá ti ṣú, màá kó aṣọ tí mo fẹ́ fọwọ́ rán etí rẹ̀, màá lọ jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà wa ní Inland Town. Màá ká ẹsẹ̀ sókè, torí omi máa ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, màá sì máa rán aṣọ mi lọ. Gíláàsì á bo. Mi ò ní rí ilé, mi ò ní rí ọ̀nà. Nígbà mìíràn á máa ṣe mí bíi pé ọkọ̀ náà ń rìn, pé a ti wà lórí afárá Odò Ọya, pé tí mo bá nu gíláàsì, iwájú ilé bàbá mi l'Óṣogbo ni màá bá ara mi.

Télọ̀ ni mí. Mo ti pẹ́ níbí débi pé Igbo ni àwọn ọmọ mi fi ń bú ara wọn. Owó ìránṣọ ni mo fi ra Ìjàpá yẹn lọ́wọ́ bàbá àgbà kan, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kí n ra ọkọ̀ gidi. Ọkọ̀ gidi wo? Ojú gbogbo ọkọ̀ gidi yẹn ló le koko. Èmi fẹ́ èyí tí iwájú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Iweka Road títí ó fi sú wọn.

Nígbà tó yá, orúnkún òsì mi kò gbà kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìjàpá jókòó sábẹ́ máńgòrò, ewé ń já lé e lórí. Onílé wa fara dà á títí tó fi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ náà kò bá kúrò kó tó di Sátidé, òun á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo mọ̀ wọ́n. Òòlù ńlá ni wọ́n máa ń gbé wá. Wọ́n á fọ́ ọ síbẹ̀ níṣojú mi, wọ́n á kó o lọ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí mo bá ti rò ó, màá jáde lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, irin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá tó ní òun fẹ́ máa wà á. Olùkọ́ ni, ọ̀dọ́kùnrin ará Umunya, lójú ọ̀nà Enugu, ẹnu oníbàárà mi kan ló ti gbọ́ pé mo fẹ́ tà á. Ọjọ́bọ̀ ló dé. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní irú rẹ̀ ni bàbá òun fi ń gbé òun lọ síléèwé. Ojú rẹ̀ ti lọ jìnnà. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀, torí tèmi náà nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Igbo ka àléébù rẹ̀ fún un. Mo ní ilẹ̀kùn ọ̀tún kò ṣeé ṣí láti inú, àfi kéèyàn na ọwọ́ síta gba ojú fèrèsé. Wáípà kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń wòran. Ìsàlẹ̀ ti jẹrà, pákó ni mo fi tẹ́ ẹ. Nǹkan tó ń sọ bí epo ṣe kù sí, irọ́ ló ń pa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Nne," ló ní, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbí nìyẹn, "ní Onitsha yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ń bú ọjà ara rẹ̀. Kí lẹ fi pamọ́ tẹ́ ẹ fi ń sọ gbogbo èyí?"

Inú bí mi. "O fẹ́ kí n yìn ín, kó o wá padà wá bú mi? Máa lọ sọ́jà, wọ́n á bá ẹ yìn ín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí. Ó ní òun á rà á bẹ́ẹ̀, òun á sì wà á lọ lójú ẹsẹ̀. Oyún ìyàwó òun ti tóbi, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù ń gbọ̀n ọ́n jù. Ọkọ̀ yìí lòun fẹ́ fi gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Nílé tiwa, ẹni tó bá tajà fún èèyàn á sọ fún un pé ẹ̀mí á lò ó. Ìyá mi kì í ta abẹ́rẹ́ láìsọ ọ́. Mo ti lanu láti sọ ọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin yìí ni mo tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ẹ̀mí á lò ó. Ẹ̀mí ta ni? Ọkọ̀ yìí, lójú ọ̀nà Enugu, láàárín àwọn ọkọ̀ agbépo, pẹ̀lú aboyún nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sátidé ti dé tán, mo ti ń gbọ́ òòlù àwọn onírin létí mi. Mo wo Ìjàpá. Bí mo bá dákẹ́, ó yè nìyẹn.

"Ó ku bíréèkì," ni mo wí. "Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń mú. Nígbà mìíràn wàá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á kanlẹ̀, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Èmi mọ bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n."

Ó bi mí pé, "Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló lóyún, ṣé ẹ máa gbé e sínú rẹ̀?"

"Rárá," ni mo dá a lóhùn. "Ìwọ náà, má gbé ìyàwó rẹ síbẹ̀."

Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní "Daalụ," bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ níbí, ó sì lọ. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí i. Mo wọnú ọkọ̀ mi, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sunkún bí ọmọdé. Òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba gíláàsì tó dọ̀tí wọlé, gbogbo inú ọkọ̀ pọ́n bí epo pupa. Oorun gbé mi lọ. Mo lálàá pé èmi àti Ìjàpá wà lórí afárá, odò ń tàn nísàlẹ̀, kò sí bíréèkì, kò sì sí ohun tí a fẹ́ torí rẹ̀ dúró.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mi ò fẹ́ wo àwọn onírin. Ohùn obìnrin ni mo gbọ́. Mo yíjú padà, mo rí aboyún kan tó ń rọra bọ̀ lábẹ́ máńgòrò. Olùkọ́ ará Umunya wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ mi má gbé mi sínú ọkọ̀ yín?" ló bi mí.

Mo ní èmi ni.

"Mo fẹ́ rí ojú yín ni," ló ní, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Ọkọ rẹ̀ ní bíréèkì tí mo sọ ló jẹ́ kí òun gbà pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Òun ti bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní wà á títí wọ́n á fi tún un ṣe, gbígbé ni wọ́n wá gbé e. Ó ka owó sí mi lọ́wọ́. Mo kàn ń fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí ọkọ̀ náà.

Wọ́n tì í gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi okùn dè é. Mi ò rí i lókè bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ó kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aboyún náà ti jókòó síwájú, mo tiro lọ sídìí fèrèsé rẹ̀. "Ẹ̀mí yín á lò ó," ni mo wí. "Ẹ̀mí ọmọ inú yín náà á lò ó." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, mi ò rántí pé wọn ò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní "Iséè," bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín sí àdúrà.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà yà sí ọ̀nà. Lókè ògiri àwọn aládùúgbò, mo ń rí òrùlé Ìjàpá mi tó ń lọ jẹ́jẹ́, ewé máńgòrò ń bọ́ kúrò lára rẹ̀.