Sípánà Ìdajì Íǹṣì

Òórùn epo bẹntiróò tó ti pẹ́ nínú páìpù kò jọ ti epo tuntun. Ó máa ń kan díẹ̀, bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Bí o bá wọ gáréèjì kan báyìí ní Gidan Igwai nígbà náà, òórùn yẹn ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, kí ti eruku àti ti awọ àga tó ti sán tó tẹ̀lé e. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ló wà níbẹ̀, ó gùn débi pé ìdí rẹ̀ yọ síta, wọ́n wá fi tapólì bo ibi tó yọ kí oòrùn Sókótó má baà jẹ ẹ́. Àwọ̀ ewé ìbẹ́pẹ ló ní. Irin funfun iwájú rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí irùngbọ̀n ara mi nínú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ.

Ẹni tó ni ín jẹ́ bàbá arúgbó kan, ọmọ Ìlọrin, tó ti ta aṣọ nínú ọjà Sókótó títí tí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá àti lókè òkun. Ó wá ku òun, maigadi tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti ọkọ̀ tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé nígbà tí irun orí bàbá ṣì dúdú. Èmi ní tèmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mẹkáníìkì ni mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ, mo máa ń gbéra ga lórí iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ti gbẹ nílé, ẹnìkan ní ọkọ̀ pọ̀ ní Sókótó, ni mo bá di ẹrù. Ìyàwó mi ní òun kò lè yọ àwọn ìbejì kúrò nílé ìwé láàárín ọdún. A fẹnu kò sí i pé ọdún kan péré ni màá lò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún kan náà ti di mẹ́rin.

Mo gba yàrá kan ní Gagi, ní Sókótó kan náà. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Hausa ni lẹ́nu mi. Mo gbọ́ ọ, mo fi ń ná ọjà, mo fi ń jà pàápàá, ṣùgbọ́n n kò lè fi ṣàwàdà, bí èèyàn kò bá sì lè ṣàwàdà nínú èdè kan, àlejò ni níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Mo máa ń bú bóòtù tó bá kọ̀ tí kò tú, mo máa ń kí bátìrì tó bá gba iná kú iṣẹ́. Bí mo bá sì fẹ́ pe ìyàwó mi, màá kọ́kọ́ wá nǹkan tí màá béèrè. Níbo ni ìwé ilẹ̀ wa wà? Ṣé òjò rọ̀? Ṣé òrùlé ò jò? “Kò jò,” ló máa ń wí. Màá ní ó dàárọ̀. Lẹ́yìn náà màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ẹnìkan ní mọ́ṣáláṣí ló júwe mi fún bàbá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, epo ló ń jò níbi nọ́ọ̀tù kékeré tó so páìpù epo mọ́ kábúrétọ̀. Iṣẹ́ tí mo lè dijú ṣe ni. Mo fa sípánà onímẹ́tàlá yọ, mo fi kọ́ ọ, mo sọ agbára sí i, ó yọ̀, ó sì jẹ etí nọ́ọ̀tù náà dànù. Ṣé o rí àwa mẹkáníìkì ìsinsìnyí, ọkọ̀ Jàpáànì àti Jámánì ló kọ́ wa níṣẹ́, mílímítà ni gbogbo sípánà wa. Íǹṣì ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́. Nọ́ọ̀tù ìdajì íǹṣì ni mo fi mẹ́tàlá tú. Mẹ́tàlá fi díẹ̀ báyìí fẹ̀ jù ú lọ, ojú lè má rí i, irin á rí i. Mo rò pé bàbá máa pariwo lé mi lórí. Ńṣe ló wọlé, ó gbé aṣọ kan tí wọ́n ká jáde, ó tú u sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sípánà oní-íǹṣì ló tò síbẹ̀ láti kékeré dé ńlá, ó ti fi ọ́ìlì pa gbogbo wọn lára.

“Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,” ó ní, “irin yìí ò gbọ́ Hausa, kò gbọ́ èdè Jàpáànì. Tirẹ̀ ni kó o sọ fún un.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Yorùbá. Mo lọ wá nọ́ọ̀tù mìíràn níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, mo fi sípánà tirẹ̀ dè é, epo dá. Bàbá ní kí maigadi gbé fúrá wá, wàrà tí wọ́n pò mọ́ ọkà jéró, igbá méjì. Ó wá ń sọ bí òun àti ìyàwó òun ṣe máa ń wa ọkọ̀ yẹn lọ sí Ìlọrin fún Iléyá, bí obìnrin náà ṣe máa ń bọ́ bàtà, tí á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀, tí á máa ka orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n bá kọjá. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, maigadi pè mí. Ọkọ̀ tún ń jò. Mo lọ, mo bá nọ́ọ̀tù náà tó ti dẹ̀, mo dè é, a mu fúrá, a sọ̀rọ̀. Ní Jímọ̀ kejì, bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, inú ti ń bí mi, nítorí kò sí ohun tó ń dun mẹkáníìkì tó pé kí wọ́n máa pè é padà sórí iṣẹ́ kan náà. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo nọ́ọ̀tù yẹn dáadáa. Etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló mú ṣáṣá, kò sí èyí tí sípánà ti jẹ. Bí mẹkáníìkì mìíràn bá ti fọwọ́ kàn án, mẹ́tàlá ni ì bá fi tú u, ì bá sì ti jẹ ẹ́ létí bí èmi náà ti ṣe. Sípánà kan ṣoṣo ló lè tú u kó mọ́ bẹ́ẹ̀, inú aṣọ tí bàbá ká ló sì wà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń tú u.

Orí mi gbóná. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọṣẹ́. A kì í wo ojú àgbà ká sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ńṣe ni mo lọ ra àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń lẹ irin, mo de nọ́ọ̀tù náà, mo sì fi àlẹ̀mọ́ di gbogbo ara rẹ̀ pa.

“Bàbá,” mo ní, “ó parí. Kò ní jò mọ́ láéláé.”

“Láéláé kẹ̀?”

“Láéláé, Bàbá.”

Ó wo ọkọ̀ náà, ó wò mí. “Tó, ó dáa,” ó ní, “Ọlọ́run á san án fún ẹ.” Fúrá kò jáde lọ́jọ́ yẹn, mo sì gun ọ̀kadà mi lọ, mò ń súfèé bí ẹni tó ja àjàṣẹ́gun.

Jímọ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo ní, ṣé o rí i, iṣẹ́ agbára. Ní Jímọ̀ kejì, lẹ́yìn ìrun, mo ti dé ìdajì ọ̀nà Gidan Igwai kí n tó rántí pé wọn kò pè mí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ra fúrá, mo mu díẹ̀, mo da ìyókù nù. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi tèmi, lábẹ́ ọkọ̀. Ní Jímọ̀ kẹta, mo ra ike ọ́ìlì kan, torí kí n lè rí nǹkan sọ bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, mo sì lọ.

Mo bá bàbá lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Aṣọ funfun ló wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Ilẹ̀kùn ló gé mi,” ó ní, bẹ́ẹ̀ n kò tíì béèrè.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan ti ha àlẹ̀mọ́ yẹn káàkiri. Nọ́ọ̀tù tó mú ṣáṣá tẹ́lẹ̀, sípánà ti jẹ ẹ́ létí méjì, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà lára irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí ìka ọwọ́ máa lọ gbá bí sípánà bá yọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Arúgbó yẹn ti dúró níbẹ̀ lórí orúnkún tí kò gbé e mọ́, ó ń bá nọ́ọ̀tù jà kí n lè wá mu fúrá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá sọ ọ́ fún mi, èmi fi àlẹ̀mọ́ dá a lóhùn. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo fi ọ̀bẹ gé àlẹ̀mọ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo mú sípánà ìdajì íǹṣì, mo rọra fi tú nọ́ọ̀tù náà títí epo fi kán sílẹ̀.

“Bàbá,” mo ní, “iṣẹ́ tí mo ṣe níjelòó kò dára tó. Ó tún ti ń jò. Irú ọkọ̀ báyìí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí n máa wá wò ó.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀,” ó ní. Lẹ́yìn náà ló pe maigadi pé kó gbé igbá méjì wá. Mo ti de nọ́ọ̀tù padà kó tó dé.

Báyìí la ṣe ń ṣe é títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi wá mú un lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ta ọkọ̀ náà. Bàbá fún mi ní sípánà ìdajì íǹṣì yẹn. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi dòní, kò sì sí ọkọ̀ kankan tí mò ń fi tú.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gé àlẹ̀mọ́ yẹn, kí n tó dé Gagi, mo dá ọ̀kadà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pe ìyàwó mi. N kò wá nǹkan tí màá béèrè.

“Ìyá ìbejì,” mo ní, “àárò yín ń sọ mí.”

“Ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé ara yín yá?”

“Ara mi yá. Àárò yín ló ń sọ mí.”

Mo gbọ́ ọ tó ń mí. Ó wá ní òjò rọ̀ lánàá, pé òrùlé ti ń jò, ẹ̀yìn yàrá, pé ó yẹ kí n wálé wá wò ó. Èmi ni mo kan gbogbo páànù orí ilé yẹn ní tuntun nígbà tí mo lọ ṣe Iléyá, kò sì sí ihò kan lára rẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀ wá wò ó.