Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ìgbà mẹ́jọ ni mo ya ilé náà, ìgbà méje ni mo ya bébà ọ̀hún sọnù. Ilé kékeré ni: yàrá kan, fàràndà kan, ilé ìdáná tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, mo lè ya ilé oníyàrá mẹ́fà fún ẹlòmíì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, tí mo bá sì ti gbé e fún onílé, ó parí. Tèmi yìí ni kò jẹ́ kí n rójú. Mo ń jẹun, mo ń fi ìka ya fàràndà sórí tábìlì. Mo wọ mọ́tò ní Agbowó, mo ń ka òpó ilé náà lọ́kàn.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ti ìyá mi ni, ìpín tó kàn án nínú oko kòkó bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Òjóò, lọ́nà Mọ́níyà, níbi tí kòkó ti di igbó, tí igi gẹdú sì ti ga ju òpó iná lọ. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ibì kan tí mi ò ti ní máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì. Ó gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí pláànù, pé bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ri igi kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí i. Mi ò ní gé igi kankan nínú igbó náà. Òpó mẹ́fà ló máa gbé ilé kúrò nílẹ̀, òkúta lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, páànù pẹlẹbẹ lórí òkúta kí ikán má baà ríbi gùn. Omi òjò máa ṣàn láti orí òrùlé sínú táǹkì, oòrùn ló sì máa fún wa níná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà lọ wo pákó. Káfíńtà tí mo fẹ́ gbéṣẹ́ fún ní pákó tútù máa ń wọ́, pé ó yẹ ká sá a fún oṣù mẹ́ta.

“Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ló wí.

Mo ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú jù, ẹlòmíì ló máa bá wa mú un lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé pláànù lọ bá ìyá mi nínú ilé tó háyà ní Challenge. Ó wọ awò ojú, ó tẹ́ bébà náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìka tẹ òpó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé ilé nìyí àbí àká àgbàdo?”

“Ilé ni, Màmá. Wọ́n gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá ni.”

“Ewúrẹ́ náà á sì máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

“Ilé tí ò fara kan ilẹ̀,” ló wí. “Tí mo bá kú, ibo lẹ máa sin mí sí nínú ẹ̀?”

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ilé gbígbé ni mo yà, kì í ṣe ibojì, ta ló tiẹ̀ dárúkọ ikú? Ó ká bébà náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la ò bá ara wa sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” orí fóònù lọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo ya pláànù kẹsàn-án. Mo sọ ilé náà kalẹ̀, mo da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kí n lè fi tu ìyá mi lójú. Igi mẹ́ta ló máa bá a lọ. Mo kórìíra rẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti fẹjọ́ sùn. Ó gbọ́ mi tán.

“Ìwọ,” ló wí, “ibo lo ti rò pé a máa sin Màmá sí?”

Ìyàwó kejì ni ìyá mi. Nígbà tí bàbá wa kú, iwájú ilé tó kọ́ fún ìyálé ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ìyálé náà kú, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, àwọn ọmọ ìyálé sì da kọnkéré sí gbogbo ibi tó kù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ilé háyà ni ìyá mi ń gbé, kò sì sí lańdílọ́ọ̀dù tó máa gbà kí wọ́n sin ayálégbé sí àgbàlá òun. Mo ti ronú nípa òjò, mo ti ronú nípa oòrùn, mo tiẹ̀ ronú nípa ikán. Mi ò ronú nípa ẹni tó ni ilẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tó di Sátidé, mo gba mọ́tò, mo mú Màmá lọ sí oko. Mi ò sọ pé kó má bínú. Mo kàn ní kó wá yan ibi tó bá wù ú. Ó ń rìn láàárín igi, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó ń bi mí ibi tí àgbàrá máa ń gbà lásìkò òjò. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ara mi ò gbà á mọ́. Ó wá dúró láàárín igi gẹdú méjì kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀.

“Ibí yìí dáa.”

Mo tẹ́ bébà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo dá ilé náà padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì fa ìlà mẹ́rin síbi tó yàn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́ta. Nínú pláànù, ibi gbogbo ló gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Mo ti kọ yàrá, mo ti kọ fàràndà, mo ti kọ táǹkì. Ọwọ́ mi dúró.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” ló wí, “kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò mọ̀.”

Mo kọ ọ́: Ìyá wa. Lẹ́tà náà wọ́.

Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. “Báwo ló ṣe jìnnà sí fàràndà tó?”

“Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni, Màmá.”

“Ó ti jìn jù,” ló wí. “Sún un mọ́lé. Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.”